Ẹnu Alárinà: Bí A Ṣe Ń Gbé Eré Lọ sí Ojú Pópó Nípa Àwọn Tó Ń Kó Ọmọbìnrin Lọ Ṣòwò Nàbì

Ẹni tó ń wá ọmọbìnrin tí yóò kó lọ ṣòwò nàbì kì í gbé okùn dání wọ ìlú. Bí alárinà ìgbéyàwó ló ń wá. Ó mọ orúkọ ìyá ọmọ, ó mọ iye owó ilé ìwé tí wọ́n ṣì jẹ, ó mọ ọdún tí bàbá kú. Ó lè jẹ́ àǹtí láti Èkó, ó lè jẹ́ ọmọ ìjọ, ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ka ìwé girama. Iṣẹ́ tí eré yín fẹ́ ṣe kò ju èyí lọ: kí àwọn èèyàn Aramọkọ, Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ní Èkìtì dá ohùn ẹni náà mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ẹnu alárinà ni ẹ fẹ́ fi hàn, kì í ṣe ara ọmọbìnrin. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìkìlọ̀ orí yìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Èèyàn mẹ́jọ tó. Mẹ́rin á ṣeré: alárinà, ọmọbìnrin, ìyá rẹ̀, àti mádàámù tó ń dúró dè é lókè òkun. Onílù méjì, gángan kan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan. Ẹnì keje ni olùdarí tí yóò máa bá èrò sọ̀rọ̀. Ẹnì kẹjọ kì í ṣeré rárá. Olùtẹ́tí ni a máa pè é, ẹ ó sì rí iṣẹ́ rẹ̀ níwájú. Bí ẹ bá rí ẹni méjì sí i, kí wọ́n dúró sáàárín èrò láìwọ aṣọ eré, kí ojú wọn wà lára ọ̀nà mọ́tò àti lára àwọn ọmọdé.

Ẹni tó máa ṣe ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ ti lé ní ọdún 18. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ sí, kódà bó bá fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ ṣe é. Ẹ jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá yín tún ọ̀rọ̀ eré ṣe nínú ilé, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí alárinà ń sọ tó o. Ṣùgbọ́n ìlú tí oníkálukú mọ agbo ilé ẹnì kejì rẹ̀ ni ìlú wa, orúkọ tó bá lẹ̀ mọ́ èèyàn lójú ọjà kì í tètè ṣí.

Nínú ẹrù: báàgì Ghana-must-go mẹ́fà tí ẹ fi aṣọ àlòkù kún inú wọn, okùn tó gùn tó ìwọ̀n mítà 20, igbá tuntun kan, irun ìdìpọ̀ tí àwọn onídìrí ń lò, fóònù àtijọ́ kan, páálí ńlá àti ọ̀dà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń lo bátìrì, torí ariwo jẹnẹrétọ̀ á pa ohùn ìyá ọmọ, omi mímu, oògùn ojú ọgbẹ́ àti báńdéèjì, tábìlì kékeré kan àti àga méjì. Ẹ tún ní láti ní ìwé pélébé tí nọ́ńbà 627 wà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà àjọ NAPTIP ni, àwọn tí ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ gbígbógun ti kíkó èèyàn lọ ṣòwò lé lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni ìpè náà. Ẹ pè é fúnra yín ní àárọ̀ ọjọ́ eré, láti ibi tí ẹ ti máa ṣeré gan-an, kí ẹ mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ̀kì wà níbẹ̀. Ẹ má pín nọ́ńbà tí ẹ kò tíì gbìyànjú wò.

Ẹ má gbé abọ́ káàkiri láti gbowó. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá na náírà mọ́ onílù níwájú, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ìbínú rẹ̀ lèrò á máa sọ lọ sílé dípò eré.

Kí ẹ tó jáde

Àṣẹ lẹ kọ́kọ́ máa gbà. Ní Aramọkọ, ẹ lọ sí ààfin Alárá. Ní Ìjerò, ọ̀dọ̀ Ajerò. Ní Ẹ̀fọ̀n, ọ̀dọ̀ Aláayè. Lẹ́yìn ààfin, ó kan Ìyálọ́jà, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ bó bá jẹ́ gáréèjì, kí ẹ tó wá dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi eré àti iye èèyàn yín sínú lẹ́tà, kí wọ́n bá yín lu òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ̀dà náà sì wà lápò olùdarí ní gbogbo ìgbà. Ẹ má rò pé orúkọ rere tó. Jelili Atiku, oníṣẹ́ ọnà tó ń fi ara rẹ̀ ṣeré ní òpópónà, gba ẹ̀bùn Prince Claus ní ọdún 2015. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, lẹ́yìn eré tó ṣe lójú pópó ní Ẹjigbò, l'Ékòó, ọlọ́pàá mú un, wọ́n gbé òun àti àwọn mìíràn lọ sí kóòtù. Ẹ̀bùn kò dá ọlọ́pàá dúró. Ṣáájú ìgbà tirẹ̀, ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti fòfin de ẹgbẹ́ Hubert Ògúnǹdé torí eré *Yorùbá Ronú*. Eré kì í ṣe ohun kékeré lójú ẹni tó wà lórí àga.

Nígbà tí ẹ bá wà láàfin, ẹ béèrè nípa ọjọ́. Bí ọjọ́ yín bá bọ́ sí ìgbà orò, tàbí ìgbà tí ìlú ń ṣọ̀fọ̀, kò sí obìnrin tó máa dúró wò yín.

Ẹ wá kó ọ̀rọ̀ eré jọ. Ẹ má lo ìtàn ọmọ Aramọkọ kankan, bó ti wù kó dùn tó, bó ti wù kí ẹ yí orúkọ padà tó. "Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀fọ́ ní ìdí àràbà" ti tó kí gbogbo ọjà mọ ẹni náà. Ohun tí ẹ máa wá kiri ni gbólóhùn alárinà. Ẹ lọ bá àwọn onídìrí, àwọn awakọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ní Ìjerò, kí ẹ bi wọ́n pé: irú ìlérí wo lẹ ti gbọ́ rí? Ẹ ó rí i pé ẹnu wọn kò ní jìnnà síra. Nínú gbogbo èyí tí ẹ bá gbọ́, márùn-ún ni kí ẹ fi ṣe egungun eré:

1. "Iṣẹ́ ilé ni, tàbí ìtọ́jú arúgbó, tàbí irun dídì."
2. "Èmi á san owó ọkọ̀ ná. Bó o bá débẹ̀ tán, wàá san án díẹ̀díẹ̀."
3. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ayé ò dáa."
4. "Kó fọ́tò rẹ wá, màá bá ọ ṣe pásípọ́ọ̀tù. Orúkọ mìíràn la máa lò, ọjọ́ orí mìíràn."
5. "A kàn fẹ́ mu omi díẹ̀ pọ̀, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀."

Kí alárinà sọ wọ́n tẹ̀léra wọn bẹ́ẹ̀, láìyára, kí gángan máa dún lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó bá fi máa di gbólóhùn kẹta, àwọn kan nínú èrò á ti máa kùn.

Ẹ̀ka èdè ìlú ni kí gbogbo yín fi ṣeré, títí kan alárinà. Àṣìṣe tí mo rí jù ni pé kí alárinà máa sọ Yorùbá Èkó tó lú mọ́ òyìnbó, kó wọ dígí dúdú, kó máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Èrò á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì lọ sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àjèjì ló ń kó ọmọ lọ. Ọmọ wa ni kó jẹ́. Kó kí ìyá bó ṣe yẹ, kó kúnlẹ̀, kó béèrè ara ìyá àgbà.

Lójú agbo

Àárọ̀ ọjọ́ ọjà dára, nígbà tí àwọn ìyá ti pàtẹ tán tí oòrùn kò sì tíì mú. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni eré fún ọjà. Fún gáréèjì, ẹ gé e sí 10, torí bọ́ọ̀sì tó bá kún kò ní dúró de ìparí ìtàn. Ọ̀nà Adó sí Iléṣà gba àárín Aramọkọ kọjá, ọkọ̀ ńlá tó ń bọ̀ láti Itawure kì í fẹ́ tẹ bíréékì. Nítorí náà ẹ má ṣeré létí títì. Ẹ wá ibi tí ògiri wà lẹ́yìn yín, tí ọ̀nà méjì wà láti jáde.

Okùn ni kí ẹ fi ṣe agbo, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní rìbìtì. Ẹ má fi eérú tàbí ẹfun fa ìlà. Ẹnì kan á pè é ní ẹbọ, ìyá tó wà nítòsí á sì palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́.

Kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀, kí olùdarí pariwo lẹ́ẹ̀mẹta pé eré ni o, kí gángan gbè é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti ṣe bí ẹni pé wọ́n ń fi ipá gbé ọmọbìnrin wọ ọkọ̀ láìkéde. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn, lójú ọ̀nà Ìpaò. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé gbé ní Ẹ̀mùrẹ́. Kò sí ẹni tó ń gbé ní Èkìtì tó ti gbàgbé. Bí èrò bá rí ọkùnrin tó ń fa ọmọbìnrin wọ mọ́tò, igi àti òkúta ni wọ́n máa gbé, àlàyé á wá tẹ̀lé e. Ìdí kan náà ni kò fi sí ìbòjú nínú eré yìí: ẹni tó bá bo ojú lè di egúngún lójú ẹnì kan, kó di ajínigbé lójú ẹlòmíràn.

Ìran kìíní ni gbólóhùn mẹ́rin àkọ́kọ́. Kí ìyá fẹ́ gbà, ní tòótọ́. Ìyá tó bá ń kọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò jọ ìyá kankan tó wà lọ́jà, torí ìyà ń jẹ wọ́n, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n sì pe ohun tó wà níwájú wọn.

Ìran kejì ni ìbúra, ibẹ̀ ni gbólóhùn karùn-ún ti ń jáde. Nínú òwò yìí, wọ́n máa ń gba irun, èékánná àti aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n á fi mú un búra pé yóò san gbèsè, pé kò ní sọ fún ọlọ́pàá. Igbá lásán àti irun ìdìpọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ má gbé ohun òrìṣà kankan wọ agbo, ẹ má pe orúkọ òrìṣà kankan. Àwọn oníṣẹ̀ṣe á bínú, wọ́n á sì jàre. Ìdí mìíràn tún wà: ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan tó ti búra irú rẹ̀ wà láàárín èrò, ẹ̀rù rẹ̀ ni ẹ ó máa tún dá. Nítorí náà ìran yìí kò gbọdọ̀ parí láìjẹ́ pé ẹ tú ìbúra náà. Kí olùdarí sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbíní ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2018: Ọba Ewuare Kejì pe àwọn oníṣègùn jọ, ó gégùn-ún fún àwọn tó ń fi ìbúra kó ọmọ lọ, ó sì kéde pé ìbúra tí wọ́n ti mú àwọn ọmọ bú ti di òfo. Ṣùgbọ́n Èkìtì kì í ṣe Ìbíní, ẹ má sì sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọba ibẹ̀ de ojúbọ tibí. Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ ti bẹ ìjòyè kan tàbí àgbà oníṣẹ̀ṣe kan ṣáájú, kó bọ́ sínú agbo, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìbúra tí wọ́n fi ẹ̀tàn gbà lẹ́nu ọmọ kò de ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan lẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju gbogbo ìlù yín lọ.

Ìran kẹta kò ní ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2013, Wura-Natasha Ogunji kó àwọn obìnrin jáde l'Ékòó, wọ́n so kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n ń fà á lọ lójú títì. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé, gbogbo ẹni tó sì ti pọnmi rí ló mọ ohun tó ń wò. Báàgì ni tiyín. Kí ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí agbo ká pẹ̀lú báàgì kan. Bó bá ti yí i ká tán, mádàámù á gbé òmíràn lé e. Owó ọkọ̀. Owó yàrá. Owó oúnjẹ. Ìtanràn. Kí báàgì fúyẹ́ ju bó ṣe rí lọ, kí ẹ má bàa ṣe é léṣe, kó sì wọ bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò, ibẹ̀ ni ẹ ti máa mú ọkàn gbogbo ọjà. Àwọn ìyá tó ń dá èsúsú kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní gbèsè. Kí olùdarí mú ìyá oníṣu kan, kó bá a ṣe é sókè: gbèsè ọmọ jẹ́ mílíọ̀nù 5 náírà. Lóṣooṣù ó ń kó ₦300,000 fún mádàámù. Mádàámù yọ ₦120,000 fún yàrá, ₦80,000 fún oúnjẹ, ₦60,000 ní ìtanràn nítorí pé ó ṣàìsàn. Èló ló kù tó dín nínú gbèsè? Ìyá á ní ₦40,000. Oṣù mélòó ló máa san án tán? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn díẹ̀, ẹ má tètè sọ ọ́. Oṣù 125 ni, ọdún mẹ́wàá àti oṣù márùn-ún, bí ìtanràn kò bá pọ̀ sí i. Mo ti rí ọjà tó pa lọ́lọ́ lórí ìṣirò yìí tí kò pa lọ́lọ́ fún ẹkún.

Ìran tó kẹ́yìn ni àtúnṣe: Augusto Boal ti ilẹ̀ Brazil ló sọ irú rẹ̀ di olókìkí. Ẹ padà sí ìran kìíní. Kí alárinà tún bẹ̀rẹ̀, kí olùdarí sì wí fún èrò pé ẹni tó bá rí ibi tó yẹ kí ìyá ti béèrè ọ̀rọ̀ kó pàtẹ́wọ́, kó wá dúró nípò ìyá. Ìyá nìkan ni kí ẹ gbà wọ́n láyè láti ṣe. Bí ẹ bá fi ipò ọmọbìnrin tàbí mádàámù sílẹ̀, ọkùnrin kan tó ti mu ẹmu á wọlé wá fọwọ́ kan ẹni tí kò yẹ. Ènìyàn mẹ́ta tó. Kí alárinà má gbà fún wọn ní ìrọ̀rùn, bí ìyá tuntun bá bi í pé "Kí lorúkọ ọ̀gá tó máa gbà á síṣẹ́?", kó rí èsì fi fún un. Ìbéèrè tó bá fi agídí dé ibi tí alárinà ti ń kólòlò ni èrò máa rántí.

Ẹnì kan á sọ pé ojúkòkòrò ọmọbìnrin ló fà á. Kí olùdarí má bá a jà. Kó bi í pé: nínú gbólóhùn márùn-ún yẹn, èwo ni ọmọ ti béèrè fún òwò nàbì? Kó sì dákẹ́.

Bí ẹ bá ń lọ sí Òkè-Mẹ̀sí, ó lè wù yín láti fi ìtàn Fábùnmi bẹ̀rẹ̀, ẹni tó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní ọdún 1878 tí ogun Èkìtìparapọ̀ fi gbiná. Ẹ lè lò ó, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn má jẹ́ kí orí ajẹ́lẹ̀ gba eré lọ́wọ́ yín: èrò tí ara rẹ̀ bá ti gbóná lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá alárinà láàárín ara rẹ̀, orúkọ obìnrin kan tó ní ìjà pẹ̀lú ará ilé rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ jáde. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ lu ìlù, ẹ parí.

Kí èrò tó tú, olùdarí á sọ òfin ní ṣókí. Títí Abubakar, obìnrin tí ìdílé rẹ̀ ti Iléṣà wá, ló dá àjọ WOTCLEF tó ń gbógun ti òwò yìí sílẹ̀ ní 1999, tó sì jà fún òfin ọdún 2003 tó bí NAPTIP. Lábẹ́ òfin tí wọ́n tún ṣe ní 2015, ẹni tó bá kó èèyàn jáde nílùú fún òwò nàbì ń wo ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún márùn-ún, pẹ̀lú owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù kan náírà. Ó ti tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má ka òfin fún ọjà.

Olùtẹ́tí

Obìnrin ni kó jẹ́, àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ kì í jò. Tábìlì rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo. Ẹ gbé e sẹ́yìn, nítòsí ìsọ̀ kan tí obìnrin lè dé láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè ibi tó ń lọ. Bí ó bá lè máa ta nǹkan kékeré níbẹ̀, ó dára jù. Kò sí pátákó lórí rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá wá sọ ọ̀rọ̀, kó gbọ́. Kó má kọ orúkọ sílẹ̀, kó má ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ á dára, kó má bi í léèrè ohun tí kò sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ọmọ tó fẹ́ rin ìrìn-àjò lónìí tàbí lọ́la, tàbí ọmọ tí kò tíì pé 18, ẹ pe 627 lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni nínú yín tó gbọdọ̀ pe alárinà gidi lórí fóònù, tàbí lọ sí ilé rẹ̀, tàbí "lọ gbà" ọmọ náà. Ẹ̀mí ọmọ náà àti tiyín ni ẹ fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń jìn

Mo ti rí eré kan nínú ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, tí alárinà rẹ̀ dùn débi pé lẹ́yìn eré, ọmọbìnrin méjì wá bá òṣèré náà, wọ́n bi í bóyá ó ṣì ní àyè. Ẹ̀rín kọ́. Ìran ìṣirò ni wọ́n yọ kúrò nítorí àkókò. Ẹ yọ ohunkóhun tó bá wù yín, ẹ má yọ ìṣirò.

Ẹ̀rù pẹ̀lú kì í ṣe iṣẹ́ tí àwọn èèyàn rò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, wọ́n kó òkú ọmọbìnrin 26 láti inú òkun dé Salerno ní Italy. Wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Gbogbo rédíò ló sọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ lọ á ní "tèmi á yàtọ̀". Bákan náà ni ẹ má sọ ọ́ bí ẹni pé Yúróòpù nìkan ni: ní ọdún 2019, ọ̀gá NAPTIP nígbà náà, Julie Okah-Donli, kéde pé nǹkan bí 20,000 ọmọbìnrin wa ló há sí Màlì. Bọ́ọ̀sì lásán ń dé Màlì.

Aṣọ péńpé, ètè pupa, ìjókòó lórí itan ọkùnrin: kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí eré yìí nílò. Ẹ má sì wàásù pé kí ẹnikẹ́ni má rìnrìn-àjò. Kò sí agbo ilé ní Aramọkọ tí kò ní ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun, wọ́n á sọ pé ìlara ló ń ṣe yín. Ìwé tó mọ́, orúkọ ara ẹni, àdírẹ́sì tí ìyá lè wádìí, kò sí gbèsè, kò sí igbá: ẹni tó bá ní gbogbo èyí, ẹ kí i pé kó lọ kó bọ̀.

Fóònù á máa ya fídíò, ẹ kò lè dá a dúró. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí agbo, kì í ṣe sí èrò, kí wọ́n má sì yà á nígbà tí ẹlòmíràn bá ń dúró nípò ìyá.

Nígbà tí eré bá parí, ẹ ká okùn, ẹ kó báàgì, kí àwọn òṣèré máa lọ ní méjì-méjì. Olùtẹ́tí ni kó kẹ́yìn. Kó dúró títí ọjà fi máa tú, torí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ kì í wá nígbà tí ojú pọ̀. Lọ́jọ́ ọjà tó bá tẹ̀ lé e, kí ẹnì kan ṣoṣo nínú yín padà lọ ra iṣu lọ́wọ́ ìyá tó ṣe ìṣirò, láìgbé ìlù dání, kó sì bi í léèrè ohun tí wọ́n ń sọ nípa eré náà látìgbà yẹn.